Màmá, ẹ di owó yín mú ná: bí ọmọ tuntun ṣe ń bẹ̀rẹ̀ EVE Online

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú àìsinmi. Ìbéèrè tí ìyá kan fi ránṣẹ́ sójú ìwé àwọn òǹkàwé yín ló gbé mi dìde. Ó ní ọmọ òun tó ń dúró de èsì JAMB ń bẹ òun lówó láti fi ra ọkọ̀ ńlá nínú EVE Online, géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó wá ń béèrè bóyá gbájú-ẹ̀ ni.

Kì í ṣe gbájú-ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ CCP tó wà ní Reykjavík, olú-ìlú Iceland, ló ṣe é, ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2003 ni wọ́n sì ṣí i fún gbogbo ayé. Àmọ́ kí màmá náà di owó rẹ̀ mú ná. Ohun tí ọmọ náà kò tíì ní nínú géèmù yẹn, owó kì í rà á. Mo fẹ́ràn géèmù yìí gidigidi, ó sì máa ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń bínú jáde, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ni kò dáa.

Gbogbo àwọn tó ń ṣe é lágbàáyé, yàtọ̀ sí àwọn ará Ṣáínà, orí sáfà kan ṣoṣo ni wọ́n wà, Tranquility ni orúkọ rẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù ló sì wà. Agbègbè ìràwọ̀ inú rẹ̀ ju 7,000 lọ. Àwọn olùṣeré fúnra wọn ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀ àti ohun ìjà tó wà lọ́jà ibẹ̀, àwọn náà ló sì ń dá iye lé e. Ọkọ̀ tó bá fọ́, ó fọ́ nìyẹn. Kò sí pé kéèyàn padà síbi tó fi géèmù pamọ́ sí lánàá. Àwọn ẹ̀rọ àti ẹrù inú ọkọ̀ náà, ó ṣeé ṣe kí bí ìdajì yè, ìdajì tó kù á jóná. Èyí tó bá sì yè, ẹni tó bá kọ́kọ́ débẹ̀ ló máa kó o lọ. Adójútòfò wà lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ 12 ni ọ̀kan ń lò. Ẹni tí kò tilẹ̀ san kọ́bọ̀ á rí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iye ara ọkọ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń san o; ìbọn, ẹ̀rọ àti ẹrù kò sí níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà inú EVE fi ń tẹ òfin kan mọ́ ọmọ tuntun létí: ọkọ̀ tí o kò ní lè ra irú rẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ tó bá fọ́, má gbé e jáde. Kì í ṣe ọmọ tuntun nìkan ló ń pàdánù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2014, ní agbègbè kan tí wọ́n ń pè ní B-R5RB, titan 75 ló fọ́ nínú ìjà kan ṣoṣo. Titan ló tóbi jù nínú gbogbo ọkọ̀. Ohun tó sì dá ìjà náà sílẹ̀ ni pé owó tí wọ́n fi ń di agbègbè náà mú kò di sísan lásìkò.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí màmá bá sanwó. Ọmọ á ra PLEX, ohun tí wọ́n ń fi owó gidi rà, á tà á lọ́jà inú géèmù, á gba ISK tí í ṣe owó ibẹ̀, á fi ra battleship, ọkọ̀ ogun ńlá kan. Ìbọn ńlá orí battleship kì í tètè yí. Ọkọ̀ kékeré tó bá sún mọ́ ọn, tó ń sáré yí i po, ọta rẹ̀ kò ní bà á. Kí ọkọ̀ kankan tó lè fò kúrò níbi tó wà, ó gbọ́dọ̀ kọjú síbi tó ń lọ, kí eré rẹ̀ sì tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó lè sá; battleship lọ́ra láti débẹ̀. Kó tó kọjú tán, ẹnì kan tó wa frigate, ọkọ̀ ìjà kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ti fi warp scrambler, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ lè fò, dè é mọ́lẹ̀, ó sì ti ránṣẹ́ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìmọ̀-iṣẹ́ tó ń mú kí asà ọkọ̀ le, tó ń mú kí iná rẹ̀ má tètè tán, ọmọ náà kò tíì kọ́ wọn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọkọ̀ wíwà kì í fi tírélà bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń wọlé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2016 ni àkáǹtì ti pín sí méjì: Alpha tí kì í san nǹkan kan, àti Omega tó ń sanwó. Alpha lè kọ́ ìmọ̀-iṣẹ́ títí yóò fi ní 5,000,000 skill point (máàkì tí wọ́n fi ń ka ìmọ̀-iṣẹ́), ìyẹn sì tó láti wa frigate, destroyer àti cruiser lásán, àwọn ọkọ̀ tó kéré sí battleship, dáadáa. Omega ń yára kọ́ ọ tó ìlọ́po méjì, kò sì sí ọkọ̀ tí kò lè kọ́ láti wà. Dọ́là 19.99 ni wọ́n ń san lóṣù láti ọdún 2022, tàbí kí wọ́n lo 500 PLEX. Ohun kan wà tí ẹni tó ń kánjú máa ń fò dá, ìyẹn líǹkì ìkésíni. Ẹni tó ti wà nínú géèmù lè fún ẹni tuntun ní líǹkì tirẹ̀. Bí onítọ̀hún bá fi dá àkáǹtì sílẹ̀, 1,000,000 skill point ló máa rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tí Alpha lè kọ́ nìyẹn. Kí ọmọ náà tó dá àkáǹtì ni kó ti wá a, kó má dá a tán kó tó máa bi ara rẹ̀.

Kì í ṣe orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é. EVE Echoes tó wà fún fóònù, tí NetEase gbé jáde ní ọdún 2020, géèmù ọ̀tọ̀ ni, sáfà rẹ̀ yàtọ̀, ohun tí ẹ bá sì kó jọ níbẹ̀ kò wúlò níbí. Kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows tàbí Mac ni EVE Online ń fẹ́, pẹ̀lú àyè ìpamọ́ tó gígábáìtì 20 ó lé díẹ̀. Ẹ fi dátà òru gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kì í jẹ dátà púpọ̀ mọ́. Ohun tó dáa jù fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà ni pé ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan ni sáfà náà ń ṣírò ohun tó ṣẹlẹ̀. Nẹ́tíwọọ̀kì tó ń wọ́lẹ̀, tí kò ní jẹ́ kéèyàn lè ṣe géèmù ìbọn yíyìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á lára.

Iná mọ̀nàmọ́ná ló yẹ ká ṣọ́. Bí iná bá lọ lójijì, ọkọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà á fò lọ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan á pòórá kúrò lójú òfurufú, wàhálà tán. Ṣùgbọ́n bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn ọlọ́ṣà tí kọ̀ǹpútà ń darí jà, ìṣẹ́jú 5 ni yóò wà níta. Bó bá jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran-ara ló yìnbọn lù, ìṣẹ́jú 15 gbáko ni. Gbogbo àsìkò yẹn ni ẹni tó bá rí i lè fọ́ ọ. Ládúgbò tí iná kì í bá dúró, laptop tí bátìrì rẹ̀ ṣì gbé iná tàbí inverter ni kí wọ́n fi jà, kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì lásán. Kí wọ́n sì rántí pé ojoojúmọ́ ni sáfà ń ti ara rẹ̀ ní agogo 11:00 ti EVE, ìyẹn agogo méjìlá ọ̀sán níbí. Kì í pẹ́ tó fi ń padà, àmọ́ ẹni tó bá wà láàárín ìrìn-àjò á rí i pé wọ́n gbé òun jáde.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí géèmù fúnra rẹ̀ ń kọ́ni, ọ̀dọ̀ Career Agents, àwọn tó ń fún ọmọ tuntun ní iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, ló kàn. Kí ọmọ náà ṣí fèrèsé The Agency, á rí wọn níbẹ̀, márùn-ún ni wọ́n: Enforcer àti Soldier of Fortune fún ìjà, Explorer fún ìwákiri, Industrialist méjì, ọ̀kan fún òwò, ọ̀kan fún wíwa àlùmọ́ọ́nì àti ṣíṣe ọjà. Kí ó parí gbogbo wọn, àní èyí tí kò wù ú pàápàá. Wọ́n ń fúnni ní ọkọ̀, ìwé ìmọ̀-iṣẹ́ àti ISK. Lára iṣẹ́ Soldier of Fortune, ọ̀kan wà tí ọkọ̀ ẹni gbọ́dọ̀ fọ́ níbẹ̀ kó tó parí. Ibi tí mo rò pé ọgbọ́n àwọn tó ṣe géèmù yìí ti hàn jù nìyẹn. Corvette ni kí ó gbé lọ, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tí ibùdó ń fún ẹnikẹ́ni tó bá padà wọlé láìní ọkọ̀ mìíràn. Bó bá fọ́, ó kù ú ku kápúsù kékeré tó jókòó sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún fọ́ kápúsù náà, á jí sínú ara tuntun ní ibùdó tó fi ṣe ilé. Ìmọ̀-iṣẹ́ tó ti kọ́ kò lọ síbì kan.

Venture, ọkọ̀ ìwakùsà kékeré, ni mo máa ń dá lábàá fún ẹni tó fẹ́ kó owó díẹ̀ jọ. Wọ́n ń fúnni lára iṣẹ́ Industrialist. Àyè òkúta rẹ̀ gba m³ 5,000. Veldspar, irú òkúta kan tó pọ̀ ní àwọn agbègbè ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ m³ 0.1, nítorí náà ẹyọ 50,000 ló máa kún un. Ẹ̀rọ ìwakùsà méjì ni wọ́n ń dè mọ́ ọn, Miner I, ìyípo ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú kan, ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ wà láàárín kìlómítà 10 sí òkúta. Ibi tí ọmọ tuntun ti ń fi àsìkò ṣòfò ni pé ó máa ń kọ ẹ̀rọ méjèèjì sí òkúta kékeré kan náà: òkúta á tán ní agbedeméjì ìyípo, ìyókù ìṣẹ́jú náà á sì lọ lásán. Òkúta méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ó kọ wọ́n sí. Kí ó gbé drone kékeré méjì, ẹ̀rọ tó ń fò jà fúnra rẹ̀, dání fún àwọn ọlọ́ṣà tó máa ń yọjú síbi òkúta. Kí ó sì jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀, kó má fi í sílẹ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Àǹfààní mìíràn tí Venture ní ni pé warp scrambler kan ṣoṣo kò tó láti dè é. Ẹni tó bá ń ṣọ́ra á bọ́.

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò gba òkúta wíwà, ìwákiri wà, mo sì rò pé òun ló lérè jù fún ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Heron, Magnate, Imicus àti Probe ni frigate ìwákiri àwọn ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Caldari, Amarr, Gallente àti Minmatar, kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀. Core Probe Launcher ni wọ́n ń lò, probe 8, ìyẹn ẹ̀rọ awákiri, ló ń jù síta. Kí ó kọ́kọ́ fẹ̀ wọ́n sí 8 AU (AU kan ni ìwọ̀n jíjìn ayé wa sí oòrùn), kí ó gbé wọn lé orí àmì tó rí, kí ó wò, kí ó gé fífẹ̀ sí 4, kí ó tún wọn gbé sáàárín àmì, kí ó wò, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé 0.25, títí àmì á fi pé 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni gígé fífẹ̀ sí kékeré jù kí àmì tó wà láàárín. Probe á pàdánù rẹ̀ pátápátá. Relic Site àti Data Site ni ibi tí àwọn àpótí ọrọ̀ wà: Relic Site ń fẹ́ Relic Analyzer, Data Site ń fẹ́ Data Analyzer, kí méjèèjì wà lórí ọkọ̀. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì lórí àpótí kan, àpótí náà á bú gbàmù, ohun inú rẹ̀ lọ nìyẹn.

Kí ó ka orúkọ ibi tó rí dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Bí orúkọ náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Unsecured tàbí Forgotten, àwọn Sleeper, ọ̀tá líle tí kọ̀ǹpútà ń darí, ló ń ṣọ́ ọ, frigate kékeré kò ní pẹ́ níwájú wọn. Inú wormhole ni irú wọn wà. Wormhole jẹ́ ihò tó ń gbéni lọ sí agbègbè tí kò ní ẹnubodè kankan tí ọkọ̀ ń gbà láti agbègbè kan sí òmíràn, àkókò ló sì ń ti í, tàbí ìwúwo ọkọ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ohun àkọ́kọ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe bó bá bọ́ sódì kejì ni kí ó fi bookmark sàmì sí ihò tó gbà wọlé. Ẹni tó bá gbàgbé á máa fi probe wá ọ̀nà ilé káàkiri. Àti pé nínú wormhole, orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ kì í hàn nínú Local, ojú ìwé ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ agbègbè, àfi tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, nítorí náà Local tó ṣófo kò túmọ̀ sí pé kò séèyàn. D-scan, ẹ̀rọ tó ń wá ọkọ̀ tó wà nítòsí, ló máa ń tú àṣírí wọn: ó ń rí tó 14.3 AU. Kí ó máa tẹ̀ ẹ́ léraléra nígbà tó bá ń ṣí àpótí.

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀-iṣẹ́ ń fẹ́ ìṣirò díẹ̀. Ìpele márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ó ń kọ́ ara rẹ̀ lọ ní àkókò gidi, kódà bí wọ́n bá pa kọ̀ǹpútà. Fún ìmọ̀ tó rọrùn jù, 250 skill point ni ìpele 1, láti débi ìpele 4 á gba 45,255, láti débi ìpele 5 á gba 256,000. Ẹ wò ó: ìpele 4 ń fúnni ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún èrè, kò sì gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún àsìkò. Nítorí náà kí ọmọ náà gbé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ dé 3 tàbí 4, kí ó fi 5 sílẹ̀ àfi bí ọkọ̀ kan bá dìídì béèrè rẹ̀. CPU Management, Power Grid Management, Capacitor Management, Mechanics, Shield Management, Navigation àti Spaceship Command wà lára èyí tó ń ran gbogbo ọkọ̀ lọ́wọ́. Kí àwọn wọ̀nyẹn ṣáájú ìmọ̀ ọkọ̀ ńlá èyíkéyìí.

Bó bá ń to ẹ̀rọ sọ́kọ̀, kí ó yan ọ̀kan, asà tàbí ìhámọ́ra. Àyè àárín ni ẹ̀rọ asà ń jókòó sí jù, ti ìhámọ́ra ń jókòó sí àyè ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, méjèèjì kò ní le tó. Kí ó má sì da ìbọn ọ̀nà jíjìn pọ̀ mọ́ ti ìtòsí. Kí ọta rẹ̀ bá ọlọ́ṣà àdúgbò mu (kinetic, explosive, thermal àti EM ni oríṣi ọgbẹ́ tí ọta ń dá sílẹ̀): ní ilẹ̀ Caldari, Guristas ló pọ̀, kinetic ló ń dùn wọ́n, Angel Cartel lágbègbè Minmatar, explosive, Serpentis lọ́dọ̀ Gallente, thermal, Blood Raiders àti Sansha lápá Amarr, EM.

Ibi tí owó ti ń pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni ojú ọ̀nà àti ọjà. Agbègbè tí ààbò rẹ̀ jẹ́ 0.5 sókè, ọlọ́pàá CONCORD wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyà ni CONCORD fi ń jẹ ẹni tó ṣẹ̀, kì í dènà rẹ̀. Ní agbègbè 1.0, bí ìṣẹ́jú-àáyá 6 ni wọ́n fi ń dé, ní 0.5, ó ń tó 19. Láàárín ìyẹn, Catalyst mélòó kan, irú destroyer kan tí owó wọn kò tó nǹkan, lè fọ́ ọkọ̀ akẹ́rù, kí ẹnìkejì wọn kó ẹrù tó yè. Nítorí náà wọ́n ń ṣírò ni: bí ẹrù yín bá níye lórí ju ọkọ̀ tí wọ́n máa pàdánù lọ, ẹ ti di ẹran ìgbẹ́. Autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ló ń jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn, torí ibi tó jìnnà díẹ̀ sí ẹnubodè ló ń gbé ọkọ̀ sí, ọkọ̀ á wá máa rìn gbẹ́rẹ́gbẹ́rẹ́ débẹ̀. Kí ọmọ náà máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fò dé ẹnu ẹnubodè gan-an. Kí àmì Safety rẹ̀ sì wà ní àwọ̀ ewé. Òun ni kò ní jẹ́ kó ṣèèṣì kó ẹrù ẹlẹ́rù, kó sì di afurasí fún ìṣẹ́jú 15, tí ẹnikẹ́ni lè yìnbọn lù ú láìsí ọlọ́pàá.

Ọjà tó tóbi jù ni ti Jita, ní ibùdó Caldari Navy tó wà níbi òṣùpá kẹrin ti ayé kẹrin. Ẹ óò rí i nínú Local ibẹ̀ pé àwọn kan ń pariwo pé ẹni tó bá fi ISK ránṣẹ́ àwọn á sọ ọ́ di méjì. Irọ́ ni gbogbo wọn. Ní ti àdéhùn, ẹ ka iye òdo, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹ ń tà ni tàbí ẹ ń rà. Òfin géèmù kò ka irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àfi ní agbègbè tí àwọn ọmọ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa dá owó náà padà.

Kí ó wá ẹgbẹ́ dara pọ̀ mọ́. EVE University ti ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun láti ọdún 2004, wọn kì í fi wọ́n ṣẹ̀sín bí ọkọ̀ bá fọ́. Ẹgbẹ́ yòówù tó bá béèrè password, kí ó sá fún un.

Màmá, bó bá di pé ẹ fẹ́ sanwó, kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí ó bá ti parí iṣẹ́ Career Agents márààrún, tó ní ISK tó lè ra frigate mẹ́wàá, tó sì lè sọ ohun tó fọ́ èyí tó ti pàdánù fún yín ní kíkún. Oṣù kan Omega ni kí ẹ rà, kí ẹ sì rà á lórí ojúlé EVE gan-an tàbí lórí Steam. Ẹni tó bá ń ta ISK fún owó náírà lórí WhatsApp, ẹ má dá a lóhùn; àkáǹtì tí wọ́n bá ká ISK bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, CCP lè gba owó náà padà, kí wọ́n sì tì í pa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn